Aṣẹ́gità, Bọ́lẹ̀kájà, Agbégilódò: Ìtàn Igi Ìdáná àti Ọkọ̀ Àlòkù ní Oko Wa

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìgbé ayé ará oko ní ọ̀rúndún tó kọjá mú dání: aṣẹ́gità, bọ́lẹ̀kájà àti agbégilódò. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ rí yóò mọ̀ kíá pé odidi gbólóhùn ló fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aṣẹ́gità: a-ṣẹ́-igi-tà, ẹni tí ó ń ṣẹ́ igi, tí ó sì ń tà á. Bọ́lẹ̀kájà: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Agbégilódò: a-gbé-igi-ní-odò. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ènìyàn tó fi orí ru igi. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ tí a fi igi kan ara rẹ̀, tí àwọn èrò sì jókòó lórí igi nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọkọ̀ tó ń ru igi. Bí a bá tò wọ́n báyìí, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ìwé ìtàn tí a ń kà máa ń sọ̀rọ̀ ọba, ogun, kókó àti rélùwéè. Ohun tí àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tó ìyẹn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ohun tí àwọn ará oko ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ oko ti parí, tí àwọn kan wọ igbó lọ ṣẹ́gi, tí àwọn mìíràn pagbo yí lọ́rì tó ti kú ká, wọ́n fẹ́ jí i. Èrò wa ni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́ ìmọ̀ igi àti ìmọ̀ irin, láìsí olùkọ́ tó ń gba owó oṣù, àti pé àwọn tó ń pè é ní fàájì lásán kò wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí igi bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí yóò ti oko bọ̀ ní orí òfìfo. Bí kò bá ru iṣu tàbí àgbàdo, igi ni yóò rù. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, àdá di ọwọ́, òṣùká di orí, ó di inú igbó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ jù, nítorí pé igi gbẹ, ojú ọ̀nà gbẹ, ìkórè sì ti lọ sílẹ̀. Wọ́n á tò ó jọ sí abẹ́ òrùlé, wọ́n á to èyí tó tútù díẹ̀ sórí àjà lókè ààrò kí èéfín lè máa gbẹ ẹ́. Ilé tí igi bá tán nínú rẹ̀ láàárín òjò, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀, nítorí pé ìyá ilé yóò jáde lọ tọrọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́.

Gbogbo igi kọ́ ni igi ìdáná. Ọmọ ọdún 10 ní abúlé ti mọ èyí tó ń ta pàràpàrà tí ó sì ń jó ènìyàn lára, èyí tí èéfín rẹ̀ ń fọ́ ojú, àti èyí tí yóò jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí yóò di eérú. Ní apá Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, igi àyìn ni ọ̀gá. Ó wúwo, ó le, iná rẹ̀ kì í tètè kú, ẹ̀yinná rẹ̀ sì ń pẹ́. Ní inú igbó kókó lọ́hùn-ún, ẹ̀ka kókó tí wọ́n gé dànù nígbà tí wọ́n ń tún oko ṣe ni wọ́n ń kó. Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú, àwa tí a gbọ́ òwe yìí ní ilé ìwé rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn nìkan ni. Ẹni tó ti to igi sínú ààrò rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ igi ni ní ti gidi: ẹyọ kan tó bá wọ́, kò ní jẹ́ kí àwọn yòókù fara kanra, iná yóò sì máa kú.

Àwọn igi kan sì wà tí a kì í fọwọ́ kàn. Ìrókò jẹ́ ọ̀kan, nítorí Olúwéré tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀. Irúgbá àti igi òrí náà, ta ni yóò gé igi tó ń fún un ní irú àti òrí, kí ó lè fi se ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan? Òkú igi, ẹ̀ka tí ìjì wó, kùkùté oko tuntun, àwọn wọ̀nyí ni igi ìdáná. Ṣẹ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, wọn kì í bẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yìí tó ọ̀rọ̀: ohun tó ti gbẹ ni à ń ṣẹ́. Igbó tí a ń ṣẹ́ igi nínú rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

(Ẹ jọ̀wọ́, kí á tó kúrò níbí: ìdáná ti iná àti ìdána ti ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Àna ló wà nínú ti ìgbéyàwó. A ti rí i lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tí wọ́n fi àmì ohùn sí i lọ́nà tó fi di pé wọ́n ń pe gbogbo wa wá dáná.)

Ṣé eré ni ṣíṣẹ́ igi àbí iṣẹ́? Ọwọ́ ẹni tí ẹ bá bi ló kù sí. Àwọn àgbà ọkùnrin tí a bá sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rántí: ẹmọ́ tí wọ́n lé wọ ihò, àgbálùmọ̀ tí wọ́n ṣà jẹ, ìdíje ta ni ẹrù rẹ̀ gún jù, bí wọ́n ṣe ń fi ìtàkùn di í tí kò fi ní tú lójú ọ̀nà. Àwọn ìyá àgbà náà rántí orin àti ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin bá dúró sẹ́yìn láti dẹ pańpẹ́, àwọn ọmọbìnrin ń sáré lọ sílé láti fi igi tí wọ́n rù náà dáná oúnjẹ alẹ́. Igbó kan náà ni wọ́n jọ lọ, ẹrù kan náà ni wọ́n rù, síbẹ̀ fàájì ọ̀kan pẹ́ ju ti èkejì lọ. Nítorí náà, bí ìwé kan bá sọ fún yín pé eré ọwọ́ dílẹ̀ ni ṣíṣẹ́ igi, ẹ béèrè ọwọ́ ta ló dilẹ̀.

Aṣẹ́gità ní tirẹ̀ kò ní eré kankan níbẹ̀. Òun ni ó sọ igi di ọjà. Nínú àlọ́, bí apàlọ́ bá ń wá tálákà tí iwin yóò pàdé nínú igbó, aṣẹ́gità ló sábà máa ń mú. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá kò lè ṣe aláìní í. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ń wá igi, wọ́n sì ń wá eérú pẹ̀lú, nítorí omi eérú ni wọ́n fi ń pèsè aró ẹ̀lú. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń wá èédú. Àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń fún epo, àwọn oníbúrẹ́dì tó ń fi ààrò amọ̀ yan búrẹ́dì, igi ni gbogbo wọn ń bèèrè. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ní nǹkan bí ọdún 1906, ọ̀nà mọ́tò ti ń so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ni igbó tó ní òkú igi ń jìnnà sí i, títí tí ó fi ju ohun tí orí ènìyàn lè rù dé ọjà lọ. Nígbà náà ni lọ́rì dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́rì tí a ń sọ yìí, Bedford ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é láti ọdún 1931. General Motors ti Amẹ́ríkà sì ti ra Vauxhall fúnra rẹ̀ láti ọdún 1925. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìdajì ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó wá. Ẹ̀ńjìnnì, sáásí, táyà, bóyá àti orí ọkọ̀ níbi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, ó tán. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ló ń kan ìyókù. Wọ́n á la pákó igi líle, wọ́n á gbé òpó dúró, wọ́n á kan òrùlé lé e, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni akọ̀wé yóò wá fi ọ̀dà kọ òwe àti àdúrà sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀mọ̀wé Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì ti kọ ìwádìí tó dára lórí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n ti takisí ló gbájú mọ́. Ẹni tó kan pákó tí wọ́n kọ ọ́ sí, kò tíì rí akọ̀wé ìtàn tirẹ̀.

Ní ti orúkọ náà, bọ́lẹ̀kájà, àlàyé méjì ni a máa ń gbọ́. Àwọn kan ní bí àwọn èrò ṣe ń kọjú síra wọn lórí bẹ́ǹṣì, tí orúnkún ń gbá orúnkún, ìjà kì í jìnnà. Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ mọ́tò tó ń du èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní gáréèjì ló ń pe ara wọn níjà. Ti èkejì ló wù wá jù, nítorí pé ẹni tó wà ní orí ọkọ̀ ni a máa ń sọ fún pé kó bọ́ sílẹ̀. Èrò méjì tó jọ jókòó kò nílò láti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá ara wọn létí.

Nígbà tó yá, dáńfó àti mólúè gba èrò lọ́wọ́ bọ́lẹ̀kájà ní ìgboro. Kò kú, oko ló sá lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìwakọ̀ kúrò ní apá òsì sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Lọ́rì tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, apá ọ̀tún ni sitiárì rẹ̀ wà. Àwọn kan yí i padà, àwọn kan kò yí i. Dẹ́rẹ́bà tí kò bá yí i kò lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú bí ó bá fẹ́ yọ sílẹ̀ kọjá ẹlòmíràn, ọmọ mọ́tò tó wà lápá kejì ló gbọ́dọ̀ ríran fún un. Ọkọ̀ ọlọ́jú mẹ́rin, ènìyàn méjì.

Ọdún 1986 wá dé. Ọdún náà ni General Motors pa iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Bedford tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà kan náà ni ìjọba Ìbúráhíìmù Bàbáńgídá gbé ètò SAP kalẹ̀, tí náírà wó lulẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun di ohun tí apá ará oko kò ká mọ́. Ohun méjèèjì kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé: abẹ́ igi máńgòrò ní abúlé, níbi tí Bedford kan gbé fi òkúta mẹ́rin gbéra sókè, táyà ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò ṣe é mọ́. Àwọn tó ní í kò lè ra òmíràn. Àfi kí wọ́n tún un ṣe.

Àtúnṣe yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò fínní, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kì í sábà jẹ́ mẹkáníìkì ní kíkún. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń ṣe é. Ayò ń lọ lápá kan, ẹmu wà nílẹ̀, ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ènìyàn márùn-ún ń dá a nímọ̀ràn. Ohun tí wọn kò bá rí, wọ́n á lọ wá a ní Àgódì Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ohun tí owó kò bá ká, wọ́n á dá ọgbọ́n sí i. Táǹkì epo ń jò? Ọṣẹ ni, wọ́n á pọn ọ́n, wọ́n á fi dí i, ó sì lè gbé wọn dé ọjà kó tún gbé wọn bọ̀. Bátìrì ti kú? Orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọn yóò máa gbé e sí, kí ó lè yí sọ̀kalẹ̀ kí ó sì jí lójú ọ̀nà. Bíréèkì kò dá a dúró? Ọmọ mọ́tò kan ń bẹ lẹ́yìn pẹ̀lú ègé igi ńlá lọ́wọ́, bí ọkọ̀ bá ti ń fẹ́ fà sẹ́yìn lórí òkè ni yóò bẹ́ sílẹ̀ tì í sábẹ́ táyà. Ilẹ̀kùn ti jẹrà? Wọ́n á kan ti pákó. Ní ọ̀nà yìí, igi ń rọ́pò irin díẹ̀díẹ̀ lára ọkọ̀ náà.

Àwọn ọmọdé tó ń gbé sípánà fún wọn kọ́ ìṣirò níbẹ̀. Ínṣì ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀tì Bedford, mìlímítà ni ti Mercedes 911 tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì kọ́ nípa ìdá ní ilé ìwé ti mọ̀ pé sípánà ààbọ̀ ínṣì kò lè tú nọ́ọ̀tì ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí ó bá gbé èyí tí kì í ṣe òun wá, orí rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ọ̀hún yóò lọ ṣe lọ́rì tiwọn: agolo sàdíìnì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì tí wọ́n gé róbótó ni táyà, ọ̀pá gígùn ni sitiárì, wọ́n á sì máa fẹnu ṣe ohùn ẹ̀ńjìnnì káàkiri abúlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù tí wọ́n ń dì sínú rẹ̀ ni ìṣẹ́pẹ́, igi wẹ́wẹ́ tí a fi ń ko iná.

Àwa tí a ń kọ́ èdè kò lè gbójú fo bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ náà. Ó ń mu epo. Ó ń jẹ ọ́ìlì. Ó ń wúkọ́. Ó kú, wọ́n sì jí i. Ojú ló ní, kì í ṣe iná. Ẹsẹ̀ ló ní. Ẹnu àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni irú èdè yìí ti gbó, kì í ṣe ẹnu àwọn olùkọ́ èdè.

Lọ́rì tí àtúnṣe kò bá ràn mọ́, wọn kì í jù ú nù. Súpíríngì rẹ̀ lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ, ibẹ̀ ni ó ti di àdá àti ọkọ́. Ọ̀pọ̀ àdá tí àwọn ìyá wa fi ń ṣẹ́ igi, abẹ́ lọ́rì ni irin rẹ̀ ti wá, èédú igi ni wọ́n sì fi rọ ọ́. Táyà di bàtà. Tíúbù di rọ́bà kàtàpóòtù, ó di okùn tí wọ́n fi ń di igi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ ọdún Ògún, alágbẹ̀dẹ, dẹ́rẹ́bà àti mẹkáníìkì jọ ń bọ ohun kan náà, kò sì sí ẹni tó nílò kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òun.

Agbégilódò ló kù. Òun ni Bedford àtijọ́ tí wọ́n ti tú gbogbo pákó ara rẹ̀ kúrò, tí orí àti sáásí nìkan kù, tí wọ́n wá fi ṣéènì de ìtì gẹdú mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí ni odò ń wá nínú orúkọ rẹ̀? Lójú tiwa, orúkọ yìí rántí ìgbà tí odò jẹ́ ọ̀nà gẹdú. Wọ́n máa ń so ìtì igi pọ̀ lórí omi láti apá Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, yóò sì gba ọ̀sà lọ sí Òkò Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la pákó wà. Ọkọ̀ náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò, ṣùgbọ́n orúkọ odò kò kúrò lára rẹ̀.

Agbégilódò kò gba ẹ̀ka gbígbẹ. Bíbẹ́ ni tirẹ̀. Igbó ọba tó wà lápá Ìjẹ̀bú, tí à ń pè ní Ọmọ, ni ìjọba amúnisìn ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1925. Àwọn abúlé wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà àti nọ́ńbà inú àwòrán ilẹ̀ ni orúkọ wọn títí di òní, bíi J4. Láti irú igbó bẹ́ẹ̀ àti láti àyíká Ọ̀rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ yìí ti ń gbé gẹdú jáde, lóru ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú iná ojú kan ṣoṣo tàbí láìsí iná rárá. Kò sí ìdí láti fi oyin pa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Ọgbọ́n tó jí ọkọ̀ náà lábẹ́ máńgòrò kan náà ló gbé e jáde sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ láìsí bíréèkì gidi, ènìyàn sì ti kú nítorí ìyẹn. Wọlé Ṣóyínká rí i ní kùtùkùtù. Nínú eré rẹ̀ The Road, ní ọdún 1965, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, Say Tokyo Kid, sì jẹ́ dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ gẹdú tí ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn.

Ó yí igi ìdáná pàápàá padà. Ní ìlú ńlá báyìí, èèpo igi àti àjẹkù pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni ọ̀pọ̀ alásè ń rà, bíi ní ọjà pákó Bódìjà. Igi tútù ni, ó ń rú èéfín. Ẹni tó ń tà á kò mọ orúkọ igi tó tà, ẹni tó ń rà á kò bèèrè. Nígbà tí gáàsì bá wọ́n, àwa náà tí a ń gbé ìta ọgbà yunifásítì máa ń fi èédú dáná, èédú inú àpò tí a kò mọ igi tó ti wá.

Àwọn Bedford tó ṣẹ́kù ń dínkù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń wọ abúlé lọ pẹ̀lú òṣùwọ̀n, wọ́n ń gé sáásí sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń kó o lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Wọn kì í ra pákó. Èyí tó bá kù lára bọ́lẹ̀kájà, pẹ̀lú ọ̀dà àkọlé tó ti ń ṣí lára rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí fún ẹni tó bá ní àáké.